Onígbọ̀wọ́ Àgbáyé: Ohun tí Àjọ IMF àti Báńkì Àgbáyé Fi Ń Jọba

Nígbà tí ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí agbára tí àwọn ilé owó àgbáyé ní lórí ọrọ̀ ajé ayé, inú mi dùn pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń bi mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa wá ohun tí ẹ̀yin ti mọ̀ tipẹ́ kiri inú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ ó kọ́kọ́ wo iye tó ti fi pamọ́, ẹ ó sì fi díwọ̀n ohun tó lè yá. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní, “Ta ni onígbọ̀wọ́ rẹ?” Bí onígbọ̀wọ́ bá buwọ́ lùwé, owó jáde. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ẹni náà ìbáà sunkún, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní kúrò lórí tábìlì akọ̀wé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ, ìyókù jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ Àjọ IMF àti Báńkì Àgbáyé, owó yíyá ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́: èló la yá, èló ni èlé rẹ̀, ìgbà wo la máa san án tán. Lójú tèmi, owó yẹn kọ́ ni agbára wọn. Kékeré ni ohun tí IMF ń yáni lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń yí kiri lọ́wọ́ àwọn báńkì aládàáni, àwọn ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá. Ìbuwọ́lùwé ni agbára wọn. Bí wọ́n bá sọ pé orílẹ̀-èdè kan ti ń tọ ọ̀nà tó tọ́, àpò àwọn yòókù á ṣí. Bí wọ́n bá dákẹ́, gbogbo àpò á dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Oṣù Keje ọdún 1944 ni wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kò tíì parí. Aṣojú orílẹ̀-èdè 44 ló péjọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Bretton Woods, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà. John Maynard Keynes ló ṣáájú àwọn ará Bìrìtìkó, Harry Dexter White ló ń sọ̀rọ̀ fún Amẹ́ríkà. Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni ohun tójú wọn rí ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń dín iye owó tirẹ̀ kù kí ọjà rẹ̀ lè tà ju ti aládùúgbò lọ, tí wọ́n ń ti ẹnubodè mọ́ra wọn, títí ìyà fi di ogun. IMF ni yóò máa yá ẹni tí owó òkèèrè bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó fún ìgbà díẹ̀. Báńkì Àgbáyé ni yóò tún Yúróòpù tí ogun fọ́ kọ́. Faransé ló kọ́kọ́ yáwó lọ́wọ́ Báńkì náà, $250 mílíọ̀nù, ní ọdún 1947. Nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì, Ethiopia, Liberia àti South Africa nìkan ló ní àga níbẹ̀. Àwa ń bẹ lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó di ọdún 1961 kí Nàìjíríà tó wọlé.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni IMF pàápàá lórí ìwé. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń dáwó, iye tó dá ló sì ń pinnu iye tó lè yá. Ibi tí ẹ ti yàtọ̀ ni ìbò. Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ẹni tó ní mílíọ̀nù kan nínú pásíbúùkù àti ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ní IMF, owó ló ń dìbò. Amẹ́ríkà nìkan mú nǹkan bí 16.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, àwọn ìpinnu tó wúwo jù sì nílò 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí gbogbo ayé yòókù bá fohùn ṣọ̀kan tí Amẹ́ríkà kọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìbò Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo èrò wa, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ará Yúróòpù ti ń ṣe olórí IMF, tí ọmọ Amẹ́ríkà sì ń ṣe olórí Báńkì Àgbáyé. Òfin kankan kò sọ bẹ́ẹ̀, àṣà wọn ni. Ngozi Okonjo-Iweala, ọmọ Nàìjíríà, du ipò olórí Báńkì náà ní ọdún 2012, wọ́n gbé ipò náà fún Jim Yong Kim láti Amẹ́ríkà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé dúdú nìkan ni wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1976, pọ́n-ùn ń já bọ́ débi pé Denis Healey, mínísítà ètò ìṣúná Bìrìtìkó tó ti dé pápákọ̀ òfurufú Heathrow láti rìnrìn àjò, yí padà. Ìjọba rẹ̀ tọrọ $3.9 bílíọ̀nù lọ́wọ́ IMF, kò sì sí ẹni tó tọrọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní kó gé ìnáwó ìjọba, ó gé e. Healey fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé ìṣírò tí àwọn òṣìṣẹ́ òun gbé fún òun kò tọ̀nà, pé ká ní ó tọ̀nà ni, òun ì bá má yá owó náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣírò yẹn sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

Ní ọdún 1983, nígbà tí owó epo ti wálẹ̀ tí gbèsè òkèèrè sì ti ga, ìjọba Shagari lọ bá IMF fún owó tó lé ní $2 bílíọ̀nù. IMF ní ohun mẹ́ta ni òun fẹ́: kí iye náírà wálẹ̀, kí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, kí ẹnubodè ṣí fún ọjà òkèèrè. Buhari gba ìjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn. Ó gé ìnáwó, ó lé òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n mẹ́ta yẹn ni kò gbà. Babangida dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ó ní òun ò ní dá ìpinnu ṣe, kí ará ìlú jíròrò rẹ̀.

Àwọn tó dàgbà tó nínú yín á rántí àríyànjiyàn yẹn. Kò sí ibi tí wọn kò ti sọ ọ́: nínú mọ́lúẹ̀, lórí rédíò, ní gbọ̀ngàn yunifásítì, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ ohun tí IMF dúró fún mọ̀ pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Ní oṣù Kejìlá, Babangida kéde pé Nàìjíríà kọ owó náà. Ìlú yọ̀.

Láàárín oṣù díẹ̀, epo bẹntiróòlù kúrò ní kọ́bọ̀ 20, ó di 39.5. Láàárín ọdún 1986 ni wọ́n kéde ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa ń pè ní SAP. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ṣí ọjà owó òkèèrè tuntun. Dọ́là kan tí kò tó náírà kan lọ́dún tó ṣáájú lọ sí ohun tó lé ní náírà mẹ́rin ààbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ná ọjà náà. Ohun mẹ́ta tí a fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, a fi ọwọ́ òsì gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé? Àlàyé tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé Babangida tan wá jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí a jẹ lówó. Àwọn ìjọba tí a jẹ ní gbèsè ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Paris Club, àwọn báńkì ní London Club. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó síwájú. Ìdáhùn wọn kò yí padà: ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé IMF wá. Nàìjíríà bá ṣe ohun tó ṣàjèjì. Ó bá IMF ṣe àdéhùn ẹ̀yáwó, tí àwọn aláṣẹ àjọ náà fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, ó sì kéde fún ará ilé pé òun ò ní fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Paris Club sún gbèsè síwájú. Báńkì Àgbáyé mú $450 mílíọ̀nù wá. Ìbuwọ́lùwé nìkan la gbà lọ́wọ́ IMF, a sì san iye rẹ̀ pé.

Kí la fi san án? Ẹni tó ń gba owó oṣù ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọkọ̀ tuntun kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, tòkunbọ̀ gba títì. Àwọn dókítà gba Saudi Arabia lọ. Ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà ọdún 1989, àwọn ọ̀dọ́ dáná sun nǹkan ní Benin City àti ní Èkó nítorí SAP, ìjọba ti yunifásítì pa, ẹ̀mí sì lọ.

Ṣùgbọ́n níbi kókó ni èmi àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kì í ti í gbọ́ ara wa yé. Ọ̀kan nínú ohun tí SAP pa ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ra kókó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láti ayé òyìnbó ni ilé iṣẹ́ yẹn ti ń dá iye tí wọ́n máa rà á, kì í sì í tó iye tí ọjà àgbáyé ń san. Èyí tó ṣẹ́ kù di ti ìjọba. Òótọ́ ni pé owó yẹn wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ ṣe, mi ò ní sẹ́ ẹ. Òótọ́ náà ni pé òógùn àgbẹ̀ Ìdànrè àti Ilé-Olújì ni, ẹnì kankan kò sì bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n fagi lé e ní ọdún 1986, àwọn oníṣòwò gbé àpò owó wọ oko. Iye kókó fò sókè lọ́pọ̀ ìgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Páànù tuntun jáde lórí ilé, alùpùpù wọ abà. Ẹni tó bá ní ìyà nìkan ni SAP mú wá kò bi àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó léèrè ní ọdún 1987.

Ó kàn jẹ́ pé adùn náà ò pẹ́. Àwọn kan tó ń wá dọ́là lójú méjèèjì rí i pé ọ̀nà tó yá jù láti kó owó jáde ni kí àwọn ra kókó, kí àwọn tà á lókèèrè, kí owó náà má padà wálé. Wọ́n ń rà á ju iye tó yẹ lọ, nítorí kókó kọ́ ni wọ́n ń wá. Àwọn tó ń yẹ kókó wò tẹ́lẹ̀ ti lọ, tútù àti gbígbẹ dàpọ̀ nínú àpò kan, orúkọ rere tí kókó Nàìjíríà ní lọ́jà àgbáyé sì bàjẹ́. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, iye kókó ní ayé wálẹ̀. Gamalin tí àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò, tí owó dọ́là ń gbé wá, kò bá a wálẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìwé dá IMF àti Báńkì Àgbáyé lóhùn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n ju ẹni tó bá wọn dá NYSC sílẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì ni akọ̀wé àgbà àjọ ECA, ẹ̀ka Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Áfíríkà, ní Addis Ababa láti 1975 títí di 1991. Ó wà lára àwọn tó ṣe Ètò Èkó ọdún 1980, tí àwọn olórí Áfíríkà fi sọ pé kí ilẹ̀ náà kọ́kọ́ bọ́ ara rẹ̀, kí àwọn ará rẹ̀ sì máa bá ara wọn ṣòwò. Ọdún kejì, Báńkì Àgbáyé gbé ìwé tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Elliot Berg pè. Ìyẹn ní kí ìjọba fà sẹ́yìn, kí àgbẹ̀ gbin ohun tí òkèèrè ń rà. Ìwé Berg ni owó tẹ̀ lé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, Báńkì náà tún tẹ ìwé kan pé àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ̀ lé SAP ń ṣe dáadáa ju àwọn tí kò tẹ̀ lé e lọ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn èèyàn Adédèjì fi fèsì. Wọ́n mú ìṣírò kan náà, wọ́n yí ọdún tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà padà, wọ́n tún àwọn orílẹ̀-èdè pín sí ọ̀wọ́, àbájáde sì dojú dé. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó mú ọdún ìbẹ̀rẹ̀ ló mú èsì. Ní oṣù Keje, ECA gbé ètò mìíràn kalẹ̀ dípò SAP. Ní oṣù Kọkànlá, àpéjọ gbogbogbòò Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò láti gbà á wọlé, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò lòdì sí i.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Báńkì Àgbáyé yá díẹ̀ nínú àwọn èrò náà lò nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ló mọ. Nínú gbogbo àwọn tí Áfíríkà jẹ lówó, kò sí ẹyọ kan tó gba ìbò Ìṣọ̀kan Àgbáyé gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Ìbò gbogbo ayé kò tó ìbuwọ́lùwé ilé kan ní Washington.

Ẹ jẹ́ ká rékọjá Sẹ̀mẹ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Kétu, Sàkétè àti Pọbẹ̀. Láàárín ọdún 1988 sí 1989, àwọn báńkì ìjọba orílẹ̀-èdè Benin dẹnu kọlẹ̀, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ sì jókòó fún oṣù púpọ̀ láìgba owó. Ìjọba Kérékou, tó ti ń kéde Marx àti Lenin láti 1974, buwọ́ lùwé pẹ̀lú IMF àti Báńkì Àgbáyé ní oṣù Kẹfà ọdún 1989. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti pa Marx tì. Àpérò gbogbogbòò ti oṣù Kejì ọdún 1990 ní Cotonou gbé Nicéphore Soglo jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, ará ìlú sì dìbò yàn án sí ipò ààrẹ ní 1991. Soglo yìí ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí Báńkì Àgbáyé títí di 1986. Ọgbọ́n wà nínú ìdìbò yẹn. Bí ìbuwọ́lùwé Washington ni owó oṣù ń dúró dè, ẹ yan ẹni tí wọ́n mọ ojú rẹ̀ níbẹ̀.

Ojú ẹni mímọ̀ náà kò yọ wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, ìjọba Balladur ní Paris kéde pé Faransé kò ní fi owó ran ìṣúná orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà, bíi Benin, lọ́wọ́ mọ́ bí kò bá ní àdéhùn pẹ̀lú IMF. Bàbá ìsàlẹ̀ pàápàá ti ń béèrè onígbọ̀wọ́. Ní oṣù Kínní ọdún 1994, wọ́n pe àwọn olórí jọ sí Dakar, ọ̀gá IMF Michel Camdessus wà níbẹ̀, iye sẹ́fà sì di ìdajì: faranki Faransé kan kúrò ní sẹ́fà 50, ó di 100. Olóko òwú ní àríwá Benin rí èrè. Ẹni tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Pọbẹ̀ jí, ó bá owó rẹ̀ ní ìlàjì. Ní 1996, àwọn ará Benin dìbò lé Soglo lọ, wọ́n dá Kérékou padà.

Mi ò ní pẹ́ lórí Éṣíà àti Yúróòpù. Ní South Korea, àwọn ìyàwó ilé kó òrùka wúrà sílẹ̀ láti fi san gbèsè nígbà tí IMF dé ní òpin 1997. Mahathir ti Malaysia kọ̀ wọ́n, ó ti ẹnubodè mọ́ owó ní 1998, orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò sì parẹ́. Ní 2013, olórí àwọn onímọ̀ IMF fúnra rẹ̀, Olivier Blanchard, kọ ọ́ pé ìpalára tí gígé ìnáwó ìjọba ń ṣe ní Yúróòpù ju bí àwọn ti ṣírò rẹ̀ lọ. Ìṣírò tún dé. Ní ti àwọn ará Gíríìsì tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwé yẹn pẹ́ kó tó dé.

Kí n má bàa dà bí ẹni tó ń sunkún nìkan, ìbuwọ́lùwé yẹn ṣe wá lóore nígbà kan. Ní 2005, nígbà tí Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà, a jẹ Paris Club ní nǹkan bí $30 bílíọ̀nù. A ò fẹ́ yáwó lọ́wọ́ IMF, òfin Paris Club sì ní àfi kí IMF jẹ́rìí sí wa. Wọ́n ṣẹ̀dá ìwé tuntun tí kò ní owó kankan nínú, kìkì ẹ̀rí pé ètò ìṣúná wa dára. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé, ní oṣù Kẹwàá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gbà láti fagi lé $18 bílíọ̀nù, a sì san $12.4 bílíọ̀nù láti fi yanjú ìyókù. Ẹ sọ fún mi, báńkì wo ló tíì san $18 bílíọ̀nù lórí ìwé tí kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọdún 2023. Gbèsè IMF tó wà lọ́rùn wa nígbà náà ni $3.4 bílíọ̀nù tí a yá nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, a sì san ojú owó rẹ̀ tán ní 2025. Kò sí àdéhùn tuntun kankan. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, owó ìrànwọ́ orí epo lọ. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Láti bí 460 sí dọ́là kan, ó kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. IMF yìn wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $2.25 bílíọ̀nù. Ará ọjà ní IMF ló fa ìyà yìí, IMF ní ìjọba yín ló dá a ṣe. Mo gba àwọn méjèèjì gbọ́ dé ìwọ̀n kan. Àwọn tó ń darí ètò ìṣúná wa ti mọ ohun tí onígbọ̀wọ́ ń fẹ́ sórí, kò di dandan kó tún wí i. Àwọn olóṣèlú wa náà sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀: nígbà tó bá ń dunni, Washington ló ṣe é, nígbà tí ìyìn bá dé, àwọn ni.

Àwọn kan á ní China ti dé, ká kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo Ghana. Ó dá gbèsè òkèèrè dúró ní òpin 2022, IMF sì ṣèlérí $3 bílíọ̀nù fún un. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àwọn aláṣẹ tó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ àwọn ìjọba tí Ghana jẹ lówó, tí China àti Faransé jọ ṣe alága rẹ̀, ti fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn máa dín gbèsè kù. China ti wọ yàrá ìdúró, ṣùgbọ́n yàrá IMF náà ló ṣì jókòó sí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kéré. Ọdọọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ IMF ń wá yẹ ìwé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wò, yálà ó jẹ wọ́n ní gbèsè tàbí kò jẹ. Ìròyìn tí wọ́n bá kọ ni àwọn tó ń yáni lówó kọ́kọ́ ń kà, IMF sì ń gbé èyí tí ìjọba bá gbà kó jáde síta fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá dé, wọ́n ń rí mínísítà, wọ́n ń rí báńkì àpapọ̀, wọ́n ń rí àwọn ọ̀gá báńkì, nígbà mìíràn wọ́n ń rí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Alájẹṣẹ́kù mọ iye tí ìyá oníṣòwò ń yá ní oṣù kan, ó mọ èyí tó lè san àti èyí tí kò lè san, kò sì sí irú ìṣírò yẹn nínú ìròyìn wọn. Àpapọ̀ ẹgbẹ́ yín ní akọ̀wé, ó ní òǹtẹ̀. Mi ò rí ìdí tí lẹ́tà kò fi lè ti ọ̀dọ̀ yín lọ kí wọ́n tó tún dé.